Akyab: Ìlú èbúté tí orúkọ rẹ̀ pa rẹ́, tí àwọn bárékè wa l'Ékòó kò gbàgbé

Akyab ni ìlú èbúté kan ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bọ́mà. Lónìí, Sittwe ni wọ́n ń pè é, Bọ́mà fúnra rẹ̀ sì ti di Myanmar. Etí òkun ló wà, ní Bay of Bengal, níbi tí odò ńlá kan tó ń jẹ́ Kaladan ti ń ya wọ inú òkun. Bí ẹ bá bi àwa tí à ń gbé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko léèrè pé ta ló mọ Akyab, mi ò rò pé ọwọ́ máa pọ̀ lókè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí ìlú yìí àti àgbègbè tó yí i ká ni wọ́n ṣe kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin láti ilẹ̀ wa sọdá òkun ní 1943 àti 1944, pé kí wọ́n lọ bá Japan jà. Orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti jà ló wà lẹ́nu géètì bárékè l'Ékòó títí di òní. A máa ń pe àwọn orúkọ náà lójoojúmọ́, a kàn ò mọ ohun tí à ń pè ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Bárékè tó wà ní Ọ̀jọ́, èyí tí kọ́ńdọ́ máa ń kígbe rẹ̀ lójú títì Badagry, orúkọ ìlú tó gbà á lálejò ló ń jẹ́, kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 81 Division ni àwọn ọmọ ogun agbègbè Èkó wà lábẹ́ rẹ̀, Ọ̀jọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ ò wá bi ara yín rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ 81? Division Kìn-ín-ní wà ní Kaduna, Ìkejì wà n'Ibadan, Ìkẹta wà ní Jos. Ṣé 80 ni Nàìjíríà ní kó tó kan Èkó ni? Rárá o. Ńṣe ni nọ́ńbà fò. Ó fò dé 81 l'Ékòó, ó sì fò dé 82 ní Enugu.

Nọ́ńbà àjogúnbá ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast tó di Ghana lónìí, Sierra Leone àti Gambia jọ, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì: 81st àti 82nd West African Division. Àwọn tó lọ sí apá ibẹ̀ yẹn láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó bíi 90,000. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí àwọn ológun Nàìjíríà wá ń dá Division tuntun sílẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, wọ́n mú nọ́ńbà méjèèjì padà.

Àmì tó wà lápá àwọn ṣọ́jà ìgbà náà wù mí púpọ̀. Aláǹtakùn dúdú ni ti 81st, lórí aṣọ yẹ́lò. Ànáńsé nìyẹn, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast, bí Ìjàpá ṣe rí sí àwa. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, kó lè jẹ́ pé bí ṣọ́jà bá na apá láti yìnbọn, aláǹtakùn náà á dà bí ẹni tó ń rìn lọ síwájú. Ti 82nd ni ọ̀kọ̀ méjì tí wọ́n fi dábùú ara wọn lórí òṣùká. Òṣùká kan náà ni o, èyí tí ìyá oníkòkò ń ká sórí kó tó gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi ṣe àkọlé wọn ni pé agbára àwọn aláàárù ni àwọn fi ń jà. Ẹ máa rí i láìpẹ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í ṣe àsọdùn.

Ó ku orúkọ àwọn bárékè. Arakan Barracks wà ní Àpápá. Arakan ni orúkọ àtijọ́ tí ìpínlẹ̀ tí Akyab jẹ́ olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́. Myohaung Barracks wà ní Yaba. Myohaung ni ìlú ọba àtijọ́ ní ilẹ̀ Arakan kan náà, kò jìnnà sí Akyab. Dodan Barracks ní Ọbáléndé, níbi tí Gowon ti ṣèjọba, tí àwọn sọ́jà adìtẹ̀ sì ti ya bo Babangida ní April 1990, orúkọ ibi tí àwọn tiwa ti jà ní Bọ́mà ni. Letmauk Barracks ní Mọ́kọ́lá n'Ibadan, Bọ́mà ni. Dalet àti Kalapanzin ní Kaduna, Bọ́mà ni àwọn náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wá láti ibẹ̀ ṣá o: Marda ní Yaba àti Abalti ní Surulere, Ethiopia ni wọ́n ti wá, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì jà ní 1941. Bí ẹ bá dé Accra, ẹ máa rí Burma Camp, tó jẹ́ olú ilé iṣẹ́ ológun Ghana. Ìtàn kan náà ni.

Nínú gbogbo ariwo orúkọ yìí, kò sí èyí tó ń jẹ́ Akyab níbẹ̀. Ìlú náà gan-an tí gbogbo ogun yẹn ń lé, òun ni kò sí lẹ́nu géètì kankan tí mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ wà níwájú.

Abúlé apẹja ni Akyab kó tó di 1826. Ọdún yẹn ni ogun àkọ́kọ́ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti ọba Bọ́mà parí, tí Gẹ̀ẹ́sì sì gba Arakan. Wọ́n wo ìlú ọba àtijọ́, Myohaung, wọ́n rí i pé àìsàn pọ̀ níbẹ̀, ó sì jìnnà sí òkun. Òyìnbó tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òwò kì í jìnnà sí òkun. Ni wọ́n bá kó ìjọba wá sí abúlé apẹja yìí, wọ́n kọ́ èbúté síbẹ̀, wọ́n la títì tó gún régé. Ìrẹsì ilẹ̀ Arakan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ jáde. Láàárín ọdún díẹ̀, Akyab di ọ̀kan lára àwọn èbúté ìrẹsì tó lórúkọ jù ní apá ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá mọ ìtàn bí Èkó ṣe di Lagos lẹ́yìn 1861 á mọ̀ pé ìwé kan náà ni wọ́n ń kà ní ibi méjèèjì.

Orúkọ méjèèjì tí ìlú náà ní tiẹ̀ tún jọ tiwa. Akyab ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì kọ sí ìwé, Sittwe ni orúkọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè é lẹ́nu tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ Sittwe ni pé ibi tí ogun ti pàdé, nítorí pé ẹnu odò náà ni wọ́n ní àwọn ará Arakan ti kojú ọmọ ogun ọba Bọ́mà nígbà tó wá gba ilẹ̀ wọn ní 1784. Àwa náà, Lagos ni Potogí kọ sí ìwé, Èkó ni a ń pè é, ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ òpìtàn sì fún Èkó ni ibùdó ogun, láti inú èdè Bìní. Èbúté méjì, òkun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ ogun ni méjèèjì ń jẹ́ lábẹ́ orúkọ tí àlejò fún wọn.

Ó yá, ogun dé. Ní December 1941, Japan wọ inú ogun. Nígbà tó fi máa di March 1942 wọ́n ti gba Rangoon, olú ìlú Bọ́mà. Ní May ọdún kan náà, Akyab bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìlú ìrẹsì ṣe? Ẹ gbàgbé ìrẹsì ná. Pápá bààlúù ló ṣe pàtàkì. Ẹ mú máàpù lórí fóònù yín, ẹ wo Sittwe. Ní ìwọ̀ oòrùn àríwá rẹ̀, bíi 500 kìlómítà sí i, Calcutta wà níbẹ̀, ìlú tó tóbi jù ní apá ibẹ̀ ní India, tó kún fún ilé iṣẹ́ ohun ìjà àti èbúté Gẹ̀ẹ́sì. Ní gúúsù ìlà oòrùn rẹ̀, nǹkan bí 500 kìlómítà náà, Rangoon wà níbẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ìgbà yẹn kì í ṣe irú ti òde òní tó lè fò láti Ìkẹjà dé London láìsinmi. Bí èyí tó ń jà bá ti lọ ju ibi kan lọ, epo rẹ̀ á tán. Nítorí náà, bí Akyab bá wà lọ́wọ́ Japan, ẹ̀rù ń ba Calcutta. Bí ó bá wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù ń ba Rangoon. Bí ilé tó wà ní oríta ló ṣe rí, ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀ ló ń rí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀.

Ohun kejì ni ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Láàárín Arakan àti ìyókù Bọ́mà, òkè ńlá ló dí ọ̀nà, igbó wà lórí òkè, odò wà lábẹ́ òkè. Títì kò sí. Òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ láti May títí dé October, èyí tó ń rọ̀ ní Akyab lọ́dún ju ìlọ́po méjì èyí tó ń rọ̀ l'Ékòó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀nà Ìbà ṣe ń rí ní oṣù June, ẹ rò ó wò. Ọmọ ogun tó bá wà ní ààrin irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú bààlúù nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ lè gbà wá, bààlúù náà sì gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń gbéra.

Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba Akyab padà ní December 1942. Àwọn ọmọ ogun India àti Gẹ̀ẹ́sì ló lọ. Wọ́n dé ibì kan tó ń jẹ́ Donbaik, wọn ò lè kọjá. Àwọn ará Japan ti gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, wọ́n fi igi ńláńlá bo orí rẹ̀, ìbọn kò ràn án. Ní May 1943, àwọn tó lọ ti padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òkú àti ibà. Ìtìjú ńlá ni fún ìjọba London.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Nàìjíríà. Ní ààrin 1943, 81st Division wọkọ̀ ojú omi láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà yípo, ó di India. Wọ́n yọ brígéèdì kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà pátápátá kúrò nínú wọn, wọ́n fi í kún àwọn Chindit tí wọ́n ń jà lẹ́yìn odi Japan ní àríwá Bọ́mà. Àwọn yẹn ni Biyi Bandele fi kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Burma Boy, ní 2007. Àwọn tó kù ni wọ́n darí sí àfonífojì odò Kaladan.

Odò Kaladan ni ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sí Akyab. Àwọn tó kù nínú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba etí òkun lọ, wọ́n nílò ẹni tó máa dí ọ̀nà igbó, kí Japan má baà gba ẹ̀yìn yọ sí wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún àwọn tiwa nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà dé àfonífojì náà kò sí rárá. Wọ́n fi ọwọ́ la á ni. Ṣọ́bìrì, àdá àti agbára èèyàn ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó bíi 120 kìlómítà lórí òkè, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní West African Way. Oṣù bíi méjì ló gbà wọ́n, wọ́n parí rẹ̀ ní January 1944. Àwa tí à ń retí rélùwéè Okokomaiko mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń pẹ́ tó: kìlómítà 27 ni gbogbo Blue Line, apá àkọ́kọ́, Marina sí Mile 2, kò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò títí di September 2023. Mo mọ̀ pé jíìpù kì í ṣe rélùwéè. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Láti ìparí ọ̀nà yẹn síwájú, orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Gbogbo ohun tí wọ́n jẹ, gbogbo ọta tí wọ́n yìn, bààlúù ló ń jù ú sílẹ̀ láti òkè, àwọn aláàárù á wá gbé e sórí, wọ́n á tẹ̀ lé àwọn tó ń jà. Àwọn òyìnbó ológun tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó ń lo ìbaaka kò lè rìn níbi tí àwọn aláàárù Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rìn. Òṣùká inú àmì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ní ìparí February 1944, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá odò títí wọ́n fi ń sún mọ́ Akyab. Japan rí i pé ọ̀bẹ ti dé ẹ̀yìn ọrùn òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ March, wọ́n ṣígun padà sí wọn, wọ́n gbá wọn sẹ́yìn. Àárín rúkèrúdò yẹn ni ọmọ Yorùbá kan ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Isaac Fádóyèbọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní January 1942, láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé ó kórìíra Hitler tàbí pé ó mọ Japan. Iṣẹ́ ló ń wá, ó sì fẹ́ rí ayé, bí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe fẹ́ jápa. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, wọ́n sì fi í sínú ẹgbẹ́ oníṣègùn tó ń tẹ̀ lé 81st Division, 29th Casualty Clearing Station. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa gba àwọn tó fara gbọgbẹ́ mọ́ra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú March 1944, wọ́n wà létí odò Kaladan nígbà tí àwọn ará Japan tó ti fara pamọ́ dà ìbọn bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Ọta ba Isaac ní itan, ó fọ́ egungun rẹ̀, ó tún bà á níkùn. Ọmọ ọdún 18 ni. Àwọn tó yè sá lọ, àwọn ará Japan yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n fi í sílẹ̀ pé kó kú síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó tún wà láàyè pẹ̀lú rẹ̀ níkẹyìn ni David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, tí òun náà fara gbọgbẹ́.

Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí rí wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, lára àwọn tí a mọ̀ sí Rohingya lónìí. Wọ́n ń gbé ìrẹsì wá fún wọn nínú igbó ní bòókẹ́lẹ́. Ọkùnrin kan tí Isaac ń pe orúkọ rẹ̀ ní Shuyiman wá ṣe ohun tó ju ìyẹn lọ: ó kó àwọn méjèèjì wọ inú ilé tirẹ̀, lọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ ronú sí i. Àwọn ará Japan wà káàkiri. Bí wọ́n bá rí àlejò dúdú méjì nínú ilé rẹ̀, gbogbo ìdílé náà ló máa kú. Èdè kò pa wọ́n pọ̀, àwọ̀ kò jọra, kò sì sí ẹni tó ṣèlérí owó fún un. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì lò ní apá ibẹ̀ yẹn, títí di December 1944 tí àwọn ọmọ ogun Gurkha tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì fi dé tí wọ́n kó wọn jáde. Ní Èmùré-Ilé, wọ́n ti rò pé ó ti kú.

Isaac padà sílé, ó sì ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999, A Stroke of Unbelievable Luck. Ìwé kékeré ni. Ìwọ̀nba ìwé tí ọmọ ilẹ̀ wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ogun Bọ́mà kò pọ̀, òun wà lókè nínú wọn lójú tèmi. Bí ẹ bá rí i, ẹ kà á.

Akyab wá ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dùn tó sì korò nìyí. Nígbà tí òjò 1944 dá, 81st Division tún gba Kaladan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. 82nd náà ti dé, tó jẹ́ pé brígéèdì méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Japan wò ó pé tí àwọn èèyàn yìí bá dí ẹ̀yìn òun, kò sí ọ̀nà àbáyọ láti Akyab. Ní ìparí December, wọ́n kó ẹrù wọn jáde. Gẹ̀ẹ́sì ò mọ̀. Wọ́n ti kó ọkọ̀ ojú omi ogun, bààlúù àti ọmọ ogun jọ láti fi iná sun ìlú náà. Ní ọjọ́ kejì January 1945, awakọ̀ bààlúù kékeré kan tó ń yọjú wo ìlú rí i pé àwọn ará ìlú ń juwọ́ sí òun. Ó balẹ̀. Kò sí ará Japan kankan níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun sọ̀ kalẹ̀ láìyìn ìbọn. Ìlú tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ kú láti 1942, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọ̀ ọ́.

Èrò tèmi ni pé ìdí nìyẹn tí Akyab kò fi sí lẹ́nu géètì wa. Wọn kì í fi ibi tí ìjà kò ti wáyé sọ bárékè. Ìjà tí wọ́n jà fún Akyab wà nínú igbó, ní Myohaung, tí àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbà ní ìparí oṣù January yẹn. Ní Ghana àti Sierra Leone, wọ́n ṣì ń rántí Myohaung lọ́dọọdún. 82nd tún tẹ̀ síwájú lọ sí gúúsù, sí Dalet, Letmauk, àti àwọn ibi tí ẹ ti mọ orúkọ wọn báyìí.

Pápá bààlúù Akyab ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lára rẹ̀. Láti ibẹ̀ àti láti erékùṣù Ramree tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni bààlúù ti ń gbé oúnjẹ àti epo lọ fún àwọn ọmọ ogun General Slim tó ń lé Japan ní ààrin gbùngbùn Bọ́mà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ May 1945, Rangoon padà sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun Slim sì ni àwọn òyìnbó fúnra wọn ń pè ní ọmọ ogun tí ayé gbàgbé, torí pé gbogbo ìròyìn ìgbà náà, Europe ló ń sọ. Bí wọ́n bá gbàgbé òyìnbó tó wà níbẹ̀, ẹ lè fojú inú wo ti aláàárù láti Ọ̀wọ̀.

Ní 1989, ìjọba ológun Bọ́mà ṣe òfin tó yí orúkọ padà káàkiri. Burma di Myanmar. Rangoon di Yangon. Arakan di Rakhine. Akyab di Sittwe nínú ìwé ìjọba, bí àwọn ọmọ ilẹ̀ ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Myohaung, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju ìlú àtijọ́ lọ, ti padà sí orúkọ ọba rẹ̀, Mrauk U. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń wá Arakan lórí Google báyìí, ó ṣeé ṣe kí fóònù gbé e lọ sí Àpápá.

Ní 2011, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, tó ti ka ìwé Isaac, gbéra lọ sí Rakhine. Ó mú lẹ́tà Isaac àti fọ́tò rẹ̀ dání, ó ń wá ìdílé Shuyiman. Ó rí wọn. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàyè, wọ́n sì rántí àwọn àlejò dúdú méjì tí bàbá wọn gbé pamọ́. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ Isaac sí wọn létí, ọdún 67 lẹ́yìn tó kúrò nílé wọn. Al Jazeera gbé fíìmù rẹ̀ jáde lọ́dún náà, Phillips sì kọ ọ́ sí ìwé ní 2014, Another Man's War.

Ní June 2012, ìjà ẹ̀yà àti ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní Rakhine. Wọ́n dáná sun àdúgbò àwọn Rohingya ní Sittwe, àwọn tó lé ní 100,000 ló sá kúrò nílé ní ìpínlẹ̀ náà lọ́dún yẹn. Wọ́n kó àwọn tó ń gbé Sittwe sí àgọ́ lẹ́yìn ìlú, ṣọ́jà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má baà jáde. Láti ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ìgbà náà ni òfin Myanmar kò ti kà wọ́n sí ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní 2017, ó lé ní 700,000 Rohingya tó sá láti àríwá Rakhine wọ Bangladesh.

Isaac Fádóyèbọ̀ kú ní November 2012, ọmọ ọdún 86.